Ta Ló Yan Orí fún Afùwàpẹ́?

Fọ́ọ̀mù kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, mú un bọ̀ láti ilé ìwé nígbà tí wọ́n fẹ́ parí JSS 3. Wọ́n ní kí òbí àti ọmọ jọ fàmì sí ẹ̀ka tí ọmọ ń lọ: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́mẹ́ṣà. Kí ọmọ tó bọ́ aṣọ ilé ìwé tán, bàbá rẹ̀ ti fi báírò pupa fa sáyẹ́ǹsì. Dókítà ni wọ́n ti ń pè é nílé láti ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn wá kí mi. Bí a ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ yìí sún mọ́ mi, ó ní, “Dádì Ìbàdàn, ta ló yan orí fún Afùwàpẹ́? Ṣé bàbá rẹ̀ ni?”

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìtàn náà nínú iṣẹ́ Yorùbá ni. Olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn pé ìgbọràn sí bàbá ló gbe Afùwàpẹ́. Àbúrò mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò rí i, Ẹ̀gbọ́n? Ifá gan-an ń gbè mí.” N kì í ṣe babaláwo, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn tó mọ̀ ọ́n pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìbéèrè ọmọ náà jinlẹ̀ ju èsì bàbá rẹ̀ lọ.

Inú odù Ifá tó ń jẹ́ Ogbè Ògúndá ni ìtàn náà wà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ìsálọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá alámọ̀, ẹni tí í mọ orí, kí oníkálukú yan tirẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n má yà síbì kankan, pàápàá ilé bàbá wọn. Àwọn méjì tẹ̀ lé ìkìlọ̀ yìí láìyẹsẹ̀. Afùwàpẹ́ ní òun kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà bàbá òun láìkí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbọràn nìkan, àwọn méjì yẹn ló gbọ́ràn. Aláìgbọràn àárín wọn ni Afùwàpẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ní láti wá òmíràn lọ.

Àwọn méjì náà dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n dúró dè é, àwọn méjèèjì ní ìyẹn pẹ́ jù, kí wọ́n kàn fi orí han àwọn. Wọ́n fi ilé tí orí wà hàn wọ́n. Oríṣẹ̀ẹ́kú mú èyí tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, tí iná kò tíì kàn. Orílèémèrè rí ọ̀kan tó tóbi rìbìtì, kò mọ̀ pé ó ti sán. Wọ́n gbé e karí, ó di ọ̀nà ayé. Òjò pa wọ́n lọ́nà, òjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Nígbà tí wọ́n délé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò jọ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń fi dí ibi tí òjò ti fọ̀ lọ lára orí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó rántí bi aláwo léèrè.

Afùwàpẹ́ ńkọ́? Òun bá bàbá rẹ̀ nílé, ó sọ ibi tó ń lọ. Ohun tí Ọ̀rúnmìlà ṣe níbi yìí ni mo fẹ́ kí àbúrò mi gbọ́. Elẹ́rìí Ìpín ni Ọ̀rúnmìlà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan ìpín. Bí bàbá kan bá wà tó lè sọ pé, “Ìwọ ọmọ yìí, èyí tó wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni kí o mú,” òun ni. Kò sọ ọ́. Ó ní kí àwọn awo wá dífá fún ọmọ. Awo ní kí ó rú iyọ̀ àti ẹgbàafà owó ẹyọ, 12,000, kí ó sì mú nínú rẹ̀ dání bí ó bá ń lọ. Bàbá pèsè rẹ̀, ọmọ gbà á, ó sì dá lọ. Ẹ kò ní bá Ọ̀rúnmìlà nílé Àjàlá nínú ìtàn yìí. Ilé ló jókòó sí.

Mo wo ojú àbúrò mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Iyọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Afùwàpẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníbodè kan, ó bá a tó ń se ọbẹ̀, tó sì ń bu eérú sí i. Ẹlòmíràn ì bá kọjá. Ẹlòmíràn ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Afùwàpẹ́ kí i, ó bi í pé eérú kẹ̀? Oníbodè ní ohun táwọn fi ń sebẹ̀ nìyẹn. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ là, ó ní kí ó fún òun sí i. Òun náà ló wá sọ àṣírí fún un: Àjàlá jẹ gbèsè, àjà ló máa ń sá sí nígbà tí olówó bá dé, bí o bá fẹ́ rí i, bá a san án. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí wọ́n máa ń bi ọmọ nínú ìdánwò. Kíkí èèyàn bó ti yẹ, rírí ohun tó sọnù nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn, bíbéèrè láìtijú, fífúnni láìṣe fọ́nńté, ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà là fún un. Ọmọ tó gba A mẹ́sàn-án, tí kò lè wojú àgbà kí ó sọ ohun tó ń fẹ́, kò tíì ní iyọ̀ lápò.

Ẹ sì wo Àjàlá fúnra rẹ̀. Ifá kò fi í ṣe ẹni mímọ́ fún wa. Ọwọ́ rẹ̀ mọ amọ̀, ṣùgbọ́n onígbèsè ni, àwọn orí tí kò sun dáadáa sì kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ro ohun tí a ń pè ní ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 2011, wọ́n to iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ètò ẹ̀kọ́ girama àgbà, kí ọmọ lè mú ọ̀kan mọ́ ìwé rẹ̀. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé ìwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà lójú pátákó, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán rẹ̀, tí yàrá olùdámọ̀ràn sì ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ọmọ tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ọjà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó bá tóbi lójú ni yóò mú.

Kì í ṣe pé a kò ní àpẹẹrẹ. Ní 1959, àwọn sístà ìjọ Àgùdà tó wà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn níbí, pe àwọn èèyàn láti ẹnu iṣẹ́ lóríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣejáde sọ̀rọ̀: kí ni ẹ ń ṣe láràárọ̀, kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé? Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn ìdámọ̀ràn nílé ìwé ní Nàìjíríà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nínú 60 ọmọ, 54 ríṣẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Àwọn sístà náà kò yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ ni wọ́n dì fún wọn.

Afùwàpẹ́ san gbèsè, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó sì mú un wọnú ilé orí. Ó gbé ọ̀pá irin, ó ń fi kan wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí fọ́, ó gbé e sọnù. Tọ̀hún sán, ó gbé e sọnù. Títí ó fi kan ọ̀kan tó dún gbọnmọgbọnmọ. Ẹni tó bá ti dé Òkèlele nílùú Ìlọrin, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò Dàda, yóò mọ ohun tí mò ń wí: ẹni tó ń rà á yóò fi ìka gbá a, yóò dẹtí sí i. Kì í gbá a kí ó lè fọ́. Ohùn rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi wà ní JSS 1, olùkọ́ kan pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì nítorí ìṣirò kan. Ó lé lọ́dún kan kí ó tó tún nawọ́ sókè nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó ọjà lálaalẹ́. Olùkọ́ yẹn kan orí, kò gbọ́ ohùn kankan. Àwa náà nílé, tí a bá bínú, “orí burúkú” kì í jìnnà sí wa lẹ́nu, a sì tún ń retí kí ọmọ mọ iyì ara rẹ̀. Yíyìn ọmọ lásán náà kò sì mú orí le. Ẹ rántí pé òjò tó pa àwọn méjì yẹn ló pa Afùwàpẹ́. Òjò kò mọ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Orí tirẹ̀ ti wọná, ìyẹn ló jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni orí, kò ṣe é yí padà, kí wá ni à ń da ara wa láàmú sí? Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló sọ pé àwọn orí ṣèpàdé nígbà kan, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, gbogbo ohun tí wọ́n pinnu kò sì yọrí sí rere. Orí ni a yàn, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín.

Mo wá sọ èyí tó kù fún àbúrò mi lédè ọjà. Fífàmì sí fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe eré, nítorí ilẹ̀kùn kan ń tì bí òmíràn ṣe ń ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi jókòó sí ìdánwò JAMB. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, Lítíréṣọ̀ ni wọn yóò bi í. Mo bi àbúrò mi pé láti ìgbà tó ti ń pe ọmọ yìí ní dókítà, ìgbà wo ló mú un dé ibi tí dókítà ti ń ṣiṣẹ́? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejì, wọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àbúrò mi pè mí. Ó ní ọmọ náà kò bìkítà fún ẹ̀jẹ̀, kò bìkítà fún aláìsàn. Ẹ̀rọ kan tó ń kùn lórí tábìlì ló dúró tì fún wákàtí kan, tó ń bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀, kí ló dé tí èkejì rẹ̀ fi dákẹ́. Wọ́n ní èkejì ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, ẹni tí yóò tún un ṣe ni wọn kò rí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ta ló ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?”

Mo ní mo mọ ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá. Ó ní kí n fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n má fi ránṣẹ́ sí òun, kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ.