Ta Ni Yóò Kà Á?

Ìbéèrè kan wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí a jọ rò ó.

Odò kékeré kan wà nítòsí wọn, ní Monmouth County, tí wọ́n ń pè ní Big Brook. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ilẹ̀ yẹn. Eyín àwọn ẹja ṣáàkì ìgbà náà ti di òkúta nínú bèbè odò, omi ń wẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n ń bọ́ sínú yanrìn ìsàlẹ̀. Ẹja ṣáàkì kan ṣoṣo a máa pàrọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín kó tó kú, ìyẹn ni wọ́n fi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ ṣà wọ́n.

Ó ti ra bàtà òjò, ó ti wá asẹ́, ó ń dúró de ọjọ́ tí omi yóò fà. Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀: asẹ́ kò gbọdọ̀ ju íńṣì 18 lọ, ẹnu irin ìwalẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íńṣì 6, a kò gbọdọ̀ gbẹ́ bèbè odò, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ mú ju 5 lọ lóòjọ́. Níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ni àkọ́bí rẹ̀ ti bi í pé, "Dádì, ta ni yóò kà á?"

Ẹ má fi ọmọ náà ṣẹ̀rín. Kì í ṣe pé ó ń béèrè bóyá olè dára. Ohun tó ń wí ni pé bí òun kò bá mú ìkẹfà, odò yóò gbé e lọ, yóò sì fọ́. Ta ló wá jèrè? Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí lágbára ju bí àwa àgbà ṣe ń rò lọ. Bí a bá ní "òfin ni", a ti pa á lẹ́nu mọ́, a kò tíì dá a lóhùn.

Èrò tèmi nìyí. Odò kì í gbé eyín lọ sínú òkun lọ́jọ́ kan. Ó lè máà ju ìsàlẹ̀ díẹ̀ lọ, níbi tí asẹ́ ẹlòmíràn wà. Nítorí náà, ìkẹfà yẹn ní ẹni tó ń dúró dè é. Ó lè jẹ́ ọmọ kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi tútù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. A kò rí i, torí kò tíì dé. Àìrí i yìí ló mú kí ó rọrùn láti gba tirẹ̀.

(Bí wọ́n bá rí egungun ńlá tó ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó wà sílẹ̀, kí wọ́n fi han àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìpínlẹ̀ wọn ní Trenton.)

Ọ̀rẹ́ mi ti rán àpò kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò wá ń béèrè báyìí pé, eyín tó kán sí méjì, ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì? Bàbá wọn ní òun ṣì ń ronú sí ìyẹn.