Ìpè Tí Etí Mọ̀

Tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ kì í sábà mú rìmóòtù rẹ̀ dání wọ̀lú. Ẹni tó bá rà á ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa, á tún wá rìmóòtù gbogboǹṣe lọ, á sì jókòó ti ọmọ iṣẹ́ tí yóò bá a wá kóòdù. Ọmọ náà á di bọ́tìnnì kan mú títí iná pupa kékeré yóò fi tàn, á kọjú rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n, á wá máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí èsì. Á tún un tẹ̀. Kò sí èsì. Ó lè tẹ̀ ẹ́ lógójì ìgbà, ó lè tẹ̀ ẹ́ nígba ìgbà, kí ojú tẹlifíṣọ̀n tó ṣẹ́ lójijì.

Kí ló wà nínú títẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn tí kò sí nínú àwọn tó ṣáájú? Agbára bátìrì kò lé sí i. Ọmọ iṣẹ́ kò sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ Yewa, àwọn tó ń ja ewé àti àwọn tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà sì mọ̀ ọ́n dáadáa: kí ló ń mú kí ẹni tí a pè gbọ́? Ṣé agbára ohùn ẹni tó ń pè ni, àbí bó ṣe mọ orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́?

Ìmọ́lẹ̀ ni rìmóòtù ń tàn, irú èyí tí ojú ènìyàn kò rí. Àwọn tó ń tún un ṣe a máa gbé kámẹ́rà fóònù síwájú rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á rí i tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù. Nínú ìlànà tí ilé-iṣẹ́ NEC ti Japan gbé kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà 38,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Á kọ́kọ́ tàn fún mílísẹ́kọ́ńdì 9, á dákẹ́ fún 4.5, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, oókan àti òdo. Ibi tó yani lẹ́nu nìyí: bí ìmọ́lẹ̀ oókan ṣe pẹ́ tó náà ni ti òdo ṣe pẹ́ tó. Ìdákẹ́ tó tẹ̀lé e ló yàtọ̀. Ìdákẹ́ òdo kúrú. Ti oókan gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Inú ìdákẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Philips ní ìlànà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RC-5, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 36,000. Ti Sony ń gbọ̀n ní 40,000, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó ló sì ń yí padà, kì í ṣe ti ìdákẹ́. Tẹlifíṣọ̀n Sony tí a bá fi ohùn NEC pè kò kọ̀ láti jẹ́ni lóhùn. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ni.

Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. Ọjà kan wà ní Ìlaròó tó ń jẹ́ Sàyédẹ̀rọ̀. Bí àlejò bá gbé ohùn ìkẹyìn orúkọ náà sókè díẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ̀ á di ẹ̀rọ, ìtura á di irin. Ìró lẹ́tà kò yí padà. Ohùn nìkan ló yí.

Ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ kì í béèrè orúkọ. Ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ Zenith ní Amẹ́ríkà gbé Flash-Matic tí Eugene Polley ṣe jáde, bíi tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tàn sí igun tẹlifíṣọ̀n. Oòrùn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé lè yí ìkànnì padà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Robert Adler fi ìró tí etí ènìyàn kò gbọ́ dípò ìmọ́lẹ̀: òòlù kékeré ló ń lu ọ̀pá irin fífúyẹ́ nínú rìmóòtù, kò sì nílò bátìrì. Síbẹ̀, ìró kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àlejò lè mú kí tẹlifíṣọ̀n dáhùn. Etí tó ń gba gbogbo ariwo wọlé ni etí náà. Kóòdù ló kọ́ ẹ̀rọ láti dití sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ewé ilẹ̀ wa kì í pe ewé lásán. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ àwọn ọfọ̀ sílẹ̀. Ó fi hàn pé sílébù kan nínú orúkọ ewé a máa bá ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ rẹ̀ dọ́gba: ohun tí a fẹ́ kí ewé ṣe ti wà nínú orúkọ tí a fi ń pè é. Ẹni tó ṣi orúkọ náà pè ti já ewé lásán.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run? Ilẹ̀ Yewa ní ìdí láti béèrè. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìlà pín agbègbè yìí. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ìyá kan náà sì ń kọ́ ìwé ní èdè méjì. Nínú agbo ilé kan, ẹnì kan ń kírun ní èdè Lárúbáwá, èkejì ń ka Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, ẹ̀kẹta ń júbà òrìṣà. Títí di àwọn ọdún 1960, èdè Látìn ni Kátólíìkì fi ń ṣe Máàsì. Olúkúlùkù lè rò pé kóòdù tòun nìkan ló ń dé ọ̀run.

Àṣìṣe ni, ẹ̀rọ sì jẹ́ ká rí ibi tí àṣìṣe náà wà. Tẹlifíṣọ̀n ń dití nítorí pé ó kéré. Ẹ̀dá tí kò gbọdọ̀ jẹ́ aládùúgbò lóhùn ni. Kóòdù jẹ́ ààlà fún etí tó ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run kò gbọ́ àfi ohùn kan ti fún Ẹlẹ́dàá ní etí tẹlifíṣọ̀n. Rìmóòtù gbogboǹṣe pàápàá kò ní èdè kan tí gbogbo ẹ̀rọ gbọ́. Àkójọ orúkọ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta wá ni kóòdù wà fún? Ifá ló dáhùn èyí jù. Àwọn kan fẹ́ràn láti sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, nítorí pé ojú mẹ́jọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń bí odù 256, nọ́ńbà NEC tó ní àmì mẹ́jọ náà sì ń bí 256. Ìṣirò yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe ń dá a. William Bascom, tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, ṣàpèjúwe rẹ̀: ẹni tó wá dáfá kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló ń sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́. Odù á jáde, babaláwo á máa ki ẹsẹ inú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Babaláwo kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tó wá dáfá. Ẹni tó jókòó sórí ẹní ló mọ̀ ọ́n, nígbà tí ẹsẹ kan bá kan ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìtumọ̀ èyí ni pé a ti fi ara wa sí ibi tí kò yẹ nínú àfiwé yìí. A rò pé àwa là ń di rìmóòtù mú, tí à ń wá kóòdù tí ọ̀run yóò fi gbọ́. Nídìí Ifá, àwa ni tẹlifíṣọ̀n. Ìpè ló ń kọjá níwájú wa, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, títí yóò fi kan èyí tí etí wa mọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìwàásù tí gbólóhùn kan ṣoṣo gún un lọ́kàn, nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tòògbé, mọ ohun tí à ń wí.

Etí a sì máa tan olúwa rẹ̀ jẹ. Nítorí náà ni babaláwo fi ń di ìbò, tó ń fi owó ẹyọ àti egungun béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. NEC náà ń fi ara rẹ̀ wádìí: bó bá ti rán nọ́ńbà kan, á tún un rán ní ìdàkejì, oókan á di òdo, òdo á di oókan, kí ẹ̀rọ tó gbà á gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í gbowó nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá kàn ṣẹ́jú. Ó gbé e tàn padà, ó tẹ ibi tó yẹ kó mú ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ìkànnì ló yí. Ó di bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń retí iná pupa.