Ohun Tí Ẹnu Kọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣé gbogbo ohun tí ẹnu wa kọ̀ ni ohun burúkú?

Àwa tí a wà ní Àjàgbà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, mọ púpurú. A rẹ ẹ̀gẹ́ títí ó fi kan, a fún omi rẹ̀, a mọ ọ́n roboto, a sì fi èéfín yan án gbẹ. Òórùn èéfín yẹn gan-an ni ẹlòmíràn ń fẹ́. Òun náà ni ẹlòmíràn ń sá fún. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó yínmú sí i níwájú ìyá tó rò ó, ìyá náà ló kẹ́gàn.

Wọ́n gbé ẹran dabb, tó jọ alángbá, síwájú Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a). Kò jẹ ẹ́. Khalid ọmọ Walid béèrè bóyá èèwọ̀ ni. Ó ní rárá, kò sí nílẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni. Khalid jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó.

Nítorí náà, ohun tí a kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí a má sọ ìfẹ́ ẹnu wa di òfin fún ẹlòmíràn.