Ẹni Tí Wọ́n Yàn Fún: Ọ̀rọ̀ Ètò Táàbù àti Bọ́tìnì Àbùjá Lórí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wíńdò tàbí táàbù bá ti pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà ti pinnu ohun méjì sílẹ̀: bí wọn yóò ṣe tò tẹ̀ léra, àti bọ́tìnì tí yóò máa gbé èèyàn láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Inú ìpinnu yìí ni ìbéèrè àtayébáyé kan sá pamọ́ sí: ẹni tí wọ́n ti yàn fún kó tó dé, ṣé òun náà yan nǹkan?

Ètò méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń tẹ̀lé ipò. Nínú Chrome, Ctrl+Tab ń lọ láti òsì sí ọ̀tún bí táàbù ṣe jókòó. Ctrl+1 ń mú ti àkọ́kọ́, Ctrl+9 ń mú ti ìparí. Èkejì ń tẹ̀lé àsìkò: Alt+Tab lórí Windows ń kọ́kọ́ mú wíńdò tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Firefox ní tirẹ̀ gba oníkálùkù láàyè láti mú èyí tó wù ú. Ètò ipò hàn sí gbogbo ojú. Ètò àsìkò kò hàn. Ìrìn ọwọ́ ẹni tó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn ló ń tẹ̀lé.

Ìyàtọ̀ yìí ń jẹ yọ dáadáa ní irú àdúgbò bíi Basawa ní Zaria, tí kò jìnnà sí Samaru àti Yunifásítì Ahmadu Bello, níbi tí iṣẹ́ títẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọlé. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kọ̀ǹpútà kan lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ṣí orí kejì àti ìwé ìtọ́kasí sílẹ̀, ó dìde. Ẹlòmíràn jókòó, ó ṣí ímeèlì oníbàárà, ó sì ṣí lẹ́tà kan ní wíńdò ọ̀tọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá padà tó sì tẹ Alt+Tab, ímeèlì oníbàárà ni yóò bá, kì í ṣe orí kejì. Bí iná bá sì lọ tí ẹ̀rọ kú, ètò àsìkò ti dàánù nìyẹn, nígbà tí Chrome tàbí Firefox lè dá táàbù kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀.

Ti bọ́tìnì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Windows ka bọ́tìnì AltGr sí Ctrl àti Alt papọ̀. Ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń fi AltGr kọ ẹ, ọ àti ṣ, tàbí ɓ, ɗ àti ƙ ti Háúsá, lè rí i pé ọjọ́ tí sọ́fítíwíà táàbù kan gba Ctrl+Alt mọ́ lẹ́tà kan, lẹ́tà yẹn kò jáde mọ́. Wíńdò ló ń yí. Ẹni tó ṣe é kò gbèrò ibi. Kò rántí pé ẹnì kan ń fi bọ́tìnì yẹn kọ èdè abínibí rẹ̀ ni, àìrántí bẹ́ẹ̀ sì dun ni.

Ìbéèrè yíyàn tí a fi bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìtàn Ifá tí onímọ̀ Ifá, Wándé Abímbọ́lá, kọ sílẹ̀: Oríṣẹẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọn kò mọ̀ pé kò jinná. Òjò pa orí náà lọ́nà, ó sì bàjẹ́. Afùwàpẹ́ rí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà ní tirẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní: bí ẹni tó ń yàn kò bá lè mọ inú ohun tó mú, ó ṣòro láti pe yíyàn rẹ̀ ní yíyàn gidi. Ó tọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí èèyàn bá lára kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Windows 10 bẹ̀rẹ̀ sí í kó táàbù Edge mọ́ wíńdò nínú Alt+Tab. Àyè àtidá a padà wà nínú Settings, lábẹ́ Multitasking, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibẹ̀ kàn gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yàn. Wọ́n yàn fún un ni. Kò burú láti yàn fún ẹlòmíràn, nítorí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ni kí ojú rí ohun tí wọ́n yàn, kí ọwọ́ sì tètè tó ibi tí wọ́n ti ń yí i padà. Lórí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ púpọ̀ ń lò, ètò ipò ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sọ́fítíwíà kankan kò sì gbọ́dọ̀ gba bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í kọ̀wé láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.