Ta Ló Ni Iṣẹ́ Ọwọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá mi rò ó. Ní Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti báyìí, àwọn Faransé a máa fi ìwé ìròyìn wá ẹrú tó bá sá. Affiches Américaines, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1766, kọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ wọn: gbẹ́nàgbẹ́nà, mọlémọlé, aránṣọ. Ó pe àwọn mìíràn ní Nàgó, bí àwa. Òfin 1685 ní kí a gé etí ẹni tó bá sá fún oṣù kan. Síbẹ̀ àwọn kan wọ ìlú, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrú, wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn jẹun.

Ṣé olè ni wọ́n? Olówó wọn lè ní òun ló sanwó ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbé ayùn lọ, kó dá a padà. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọdún mélòó ló sì ti fi gbẹ́ igi lọ́fẹ̀ẹ́? Nínú àwọn méjèèjì, ta ló jẹ gbèsè?