Ta Ló Tẹ́ Ojú Irin Àyànmọ́?

Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn àkàwé kan. Wọ́n á ní àyànmọ́ ẹ̀dá dà bí ojú irin: ibi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ gbà ni ọkọ̀ máa gbà, kò lè yà sóko, kò lè yà sọ́jà, ariwo tó ń pa lójú ọ̀nà kò sì yí nǹkan kan padà. Mo ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà níbi fídáù, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tó ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ojú irin dáadáa. Èmi tí mò ń tẹ́ ojú irin, bó tilẹ̀ jẹ́ kékeré ni, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti bá wọn sọ.

Iṣẹ́ igi ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní yàrá ẹ̀yìn nílé mi ní Jàpárà, Ìjẹ̀bú-Igbó, mo gbé pákó gígùn kan ti ògiri, orí rẹ̀ ni mo sì tẹ ìlú kan dó sí. Ohun gbogbo níbẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 64 bó ṣe rí lójú ayé: ọkùnrin tó ga ní mítà 1.7 kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 2.7 lọ, gẹdú tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 6. Kò ṣẹ̀yìn ojú irin àtijọ́ Nàìjíríà tí mo fi mú 64. Mìlímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ẹ pín in sí ọ̀nà 64, ó lé díẹ̀ ní 16.5, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 16.5 gan-an ni ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Òyìnbó. Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n ń dá ní New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà, nítorí pé ojú irin tiwọn kò fẹ̀ ju tiwa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá mi ra irin àti ẹ́ńjìnnì. Ìyókù, ìlú yìí ló ti wá. Arère ni mo fi ń kan kọ́ọ̀ṣì, torí ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ láìjanpata; igi kan náà ni wọ́n ń pè ní obeche ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe irú eré tí mò ń ṣe yìí. Àwọn tó ń lagi ní ìlú yìí ń fún mi ní ìyẹ̀fun igi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń jọ̀ ọ́, mo ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé pò ó, mo ń sá a, ó di koríko. Fóòtì 12 ni ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí ń lò, fóòtì 12 náà sì ni bátìrì mọ́tò. Iná ìjọba lè lọ kó má dé, ọkọ̀ tèmi kì í dúró. Wáyà méjì ló wọ inú irin. Tí mo bá pààrọ̀ wọn, ọkọ̀ á máa fi ẹ̀yìn rìn.

Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu ni orúkọ tí mo kọ sára tésàn: Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ìlú yìí rí. Èmi ni mo gbé e dé. Agbégilódò kékeré kan ń fi ẹ̀yìn wọ ẹ̀gbẹ́ tésàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti igbó Àríà J4 bọ̀, wọ́n sì ń já gẹdú rẹ̀ sórí wágọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo gbé pákó náà lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìkórè kí àwọn èèyàn lè wò ó, orí tésàn yẹn ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa ní àdúgbò ńlá márùn-ún: Òkè-Ṣọpẹ́n, Òjòwò, Òkè-Àgbò, Àtìkórí àti Jàpárà, níbi tí mo fi tésàn náà sí. Ọmọ Àtìkórí kan wo pákó náà títí, ó ní, "Tíṣà, ta ló fún Jàpárà ní tésàn?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá sọ́dọ̀ tiwa?"

"Èmi ni mo ni pákó."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé tí rélùwéè bá wà nínú àyànmọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ì bá ti dé láyé àwọn baba wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá nítorí ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn.

Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1896, ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó dé Ìbàdàn ní òpin 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù March 1901. Láti ibẹ̀ ó gba Òṣogbo àti Ìlọrin kọjá, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, ó sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Áńgẹ́lì kankan kò sọ̀ kalẹ̀ wá fi ìka fa ìlà yẹn. Àwọn ọkùnrin tó jókòó ti àwòrán ilẹ̀ ló fà á. Wọ́n ro ti owó, wọ́n ro ti òwò, wọ́n ro ti ibi tí wọ́n fẹ́ kí àṣẹ wọn dé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún tẹ́ tuntun, tí wọ́n ṣí i ní oṣù June 2021, ojú ọ̀nà àtijọ́ náà ló tọ̀: láti tésàn Mobọ́lájí Johnson ní Alágòméjì, Èkó, ó gba tésàn Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, ó dé tésàn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Móníyà, Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ní 2014 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àdéhùn ojú irin etí òkun tó yẹ kó ti Èkó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Calabar. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ irin yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹni tó ni pákó ló ń yan ibi tí tésàn máa wà. Ohun tí bàbá wa pè ní àyànmọ́ jẹ́ ìpinnu àwọn èèyàn tó lórúkọ, tó lọ́fíìsì, tí wọ́n ń gbowó oṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi gmelina tí wọ́n gbìn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú igbó Ọmọ, tí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópin máa lò, tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ibòmíràn tún wà tí àkàwé oníwàásù ti mẹ́hẹ. Ká tilẹ̀ gbà pé irin ti wà nílẹ̀, pé ìwọ kọ́ lo tẹ́ ẹ. Irin kò sọ ẹrù tí wàá kó. Kò sọ ìgbà tí wàá gbéra, kò sọ ẹni tí wàá dúró gbé, kò sọ bí wàá ṣe sáré tó ní kọ́nà. Lórí pákó mi, ibi púpọ̀ wà tí irin kan ti ń di méjì. Ahọ́n irin tín-ínrín kan ló ń sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọwọ́ èèyàn ló sì ń sún un. Ìgbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí i pé níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí eré yìí wà. Ó mú mi lọ sí ìpàtẹ kan ní Alexandra Palace, èyí tí Model Railway Club lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1910. Pákó kan wà níbẹ̀ tó rẹwà bí ojú àlá, tí ọkọ̀ ń yí po lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọdé wò ó, wọ́n kọjá. Ní apá kejì, àwọn àgbàlagbà kan ń lu aago síra wọn láti kéde ọkọ̀, ọ̀kan ń tú wágọ́ọ̀nù, èkejì ń dúró de ọ̀nà, wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi. Èrò kò kúrò níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, àlùfáà Áńgílíkà kan wà tó ń jẹ́ Peter Denny, tó di ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí. Òun náà tẹ́ ojú irin tí kò sí rí: ó rò ó pé iléeṣẹ́ rélùwéè Great Central la ọ̀nà dé ìlú Buckingham, ohun tí iléeṣẹ́ náà kò ṣe, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ ní kékeré. Crispin ọmọ rẹ̀ ló máa ń jókòó ti tésàn kejì, tí á máa dá aago bàbá rẹ̀ lóhùn, tí á máa gba ọkọ̀ wọlé. Nígbà tí ọmọ náà kúrò nílé, àlùfáà ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ́ aago, tó ń dá a lóhùn, tó ń rán ọkọ̀ padà. Ó sọ ẹ̀rọ náà ní Automatic Crispin.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn lóru. Ọkùnrin yìí ni ọba ìlú kékeré rẹ̀. Kò sí ohun tí kò lè pa láṣẹ níbẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn, àmọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wá fún un. Mo gbà pé ẹni tó bá ti dá ayé kan rí, bó ti wù kó kéré tó, á mọ̀ pé ìgbọràn ẹ̀rọ kì í yóni. Ohun tí ẹlẹ́dàá ń fẹ́ ni ẹnìkan lódì kejì, tó ní ọkàn tirẹ̀, tó lè dáhùn aago, tó sì lè kọ̀ láti dáhùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àlùfáà tó ní pákó kan ṣoṣo, kí ni Olódùmarè máa fi ayé tó kún fún ẹ̀rọ ṣe?

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí. Nínú ẹ̀sìn Kristi, Augustine àti Pelagius jà lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún. Nínú Ìsìláàmù, àwọn Qadariyya ní ẹ̀dá lágbára láti yàn, àwọn Jabriyya ní kò ní. Lọ́dọ̀ tiwa, onímọ̀ ẹ̀sìn Bọ́lájí Ìdòwú kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1962 pé ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà sọ bí ìpín ṣe di tẹni: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ẹ̀dá fúnra rẹ̀ wà nínú èyí àkọ́kọ́. Àwọn baba wa tún mọ̀ pé ẹni tó lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí ẹ̀dá, kò mọ orí tó jinná yàtọ̀ sí èyí tí kò jinná, wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ní ká ká ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn tó ní àyànmọ́ ò gbóògùn náà ló ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi náà ti mọ. Níbi ìpàtẹ ìkórè yẹn, mo gbé ṣwíìṣì fún ọmọbìnrin kékeré kan. Ó sáré wọ kọ́nà, wágọ́ọ̀nù ṣubú, gẹdú túká. Mo fi bí wọ́n ṣe ń gbé e padà sórí irin hàn án. Nígbà kejì, ó rọra wọ kọ́nà. Ẹ̀kọ́ dídùn ni, torí pé àwọn èèyàn orí pákó mi kò lẹ́jẹ̀ lára. Lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, gẹdú máa ń já bọ́ lórí agbégilódò tòótọ́, ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í dìde. N kò lè wọ ilé ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n ní Ọlọ́run fi ṣwíìṣì lé ọmọdé lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá ní eré pákó lè dáhùn ìdí tí ìyà fi wà láyé ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo lè sọ nínú ilé yẹn, tí mo sì máa ń sọ: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní àyànmọ́ ni. Ẹ bi àwọn onímọ́tò léèrè ẹ̀wọ̀n tó so gẹdú. Ẹ bi wọ́n léèrè bíréèkì. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó rí i pé ẹ̀wọ̀n ti jẹ, tó sì ní kí ọkọ̀ máa lọ. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló ṣe é kí a tó bi ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì gbèjà Ọlọ́run. Onímọ́tò ló gbèjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníwàásù wa, mo bẹ̀ yín, ẹ máa lo àkàwé ojú irin lọ, ṣùgbọ́n ẹ lò ó tán. Ẹ sọ pé ẹnìkan ló tẹ́ ẹ, ẹnìkan ló ń sún ahọ́n rẹ̀, ẹnìkan sì ló ń wa ọkọ̀. Ẹ̀yin ará Jàpárà, Àtìkórí, Òkè-Àgbò, Òjòwò àti Òkè-Ṣọpẹ́n, tí ẹni tí ẹ dìbò fún bá tún wá kí yín, ẹ má gbàdúrà fún un kó tó sọ ibi tí ojú irin etí òkun yẹn dúró sí. Àyànmọ́ kọ́ ni ẹ máa bi, òun ni kí ẹ bi.