Ta Ni Yóò Sọ Pé Ara Ìlú Le?

Bí Yorùbá méjì bá pàdé lọ́nà, àlàáfíà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi ara wọn, ẹni tí a bi ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí ó bá di ti ọrọ̀-ajé odidi agbègbè, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: àwọn ará oko ni a ń bèèrè àlàáfíà wọn, ìwé ìṣirò ni ó sì ń dáhùn. Bí ìṣirò bá wí pé ara le, tí ẹni tí ó ni ara ní kò le, ta ni kí a gbà gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ ní ẹ̀bá Ìbàdàn. Ní 1954 ni a dá bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Bọ́ọ̀dù yìí ni ó ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí kòkó rẹ̀. Bí ọjà ayé bá san ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó lé a wọ àpò bọ́ọ̀dù. A kò gbọdọ̀ tàbùkù sí àpò náà. Owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ó sì wà nínú Ilé Kòkó, alájà 26, tí a parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Ẹni tí ó bá ka ilé-ìwé àti àpò kòkó nígbà náà, tí ó ní ara Ìwọ̀-Oòrùn le, kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ní 1965 yẹn gan-an ni owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà ayé. Owó orí kò bá a wálẹ̀. Ní ìparí 1968, àwọn àgbẹ̀ Àkànràn àti ti àwọn abúlé mìíràn dìde. Àgbẹ́kọ̀yà ni a mọ̀ wọ́n sí, Tàfá Adéoyè sì ni aṣáájú tí orúkọ rẹ̀ kàn jù. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san, èyíinì ni ṣílè 30. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀kẹ́ mẹ́fà yìí, nítorí èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ṣílè 5 ni a sì ń kà á sí nígbà tí owó òyìnbó dé. Ìjọba ń ka pọ́n-ùn, àgbẹ̀ ń ka ọ̀kẹ́. Kì í ṣe ìdáhùn wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ayé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò kí a tó dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn 2 ní 1969.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú sọ ìṣirò nù, kí a máa gbọ́ ti àgbẹ̀ nìkan. Èmi kò gbà. Láti orí ebè, ènìyàn kò lè rí ọjà kòkó Lọ́ńdọ̀nù. Galletti, Baldwin àti Dina wọ ilé àwọn àgbẹ̀ kòkó Yorùbá ní 1951 sí 1952, wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n ń ná àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn wọn. Ìwé wọn jáde ní 1956. Ìṣirò ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ara ni wọ́n bi.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìṣirò tí ẹni tí a kà kò lè já ní koro. Ní 2014 a tún ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ṣe, ó sì fi nǹkan bí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. A sùn, a jí, ọrọ̀-ajé wa ti tóbi jù ní Áfíríkà. Ẹran kan kò kún ti inú ọbẹ̀. Ní 2023 a tún yí ìtumọ̀ àìríṣẹ́ṣe padà: ẹni tí ó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Àwọn aláìríṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020, di 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ìlànà àgbáyé ni wọ́n tẹ̀lé, n kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ọ̀kadà gbé èrò fún wákàtí kan ní Mọ́níyà kò mọ̀ pé òun ti kúrò lára àwọn tí kò ríṣẹ́.

Ní ọjà Ẹgbẹ́dá tàbí Ìyànà Ọ̀fà, òṣùwọ̀n mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé. Bí nǹkan bá le, ìyá tí ń ta gàrí kì í kọ́kọ́ fowó lé kóńgò. Òkìtì orí kóńgò ni yóò kọ́kọ́ gé kù, lẹ́yìn náà èènì. Akọ̀wé tí ń kọ iye owó sílẹ̀ yóò kọ ọ́ pé nǹkan kò yí padà. Ìyá náà mọ̀ pé ó ti yí padà, ojú sì ń tì í fún ọmọ tí ó na abọ́ tí ó dúró. Níbo ni a ó kọ ìtìjú yẹn sí?

Bí akọ̀wé kan bá sì dé lọ́la láti bèèrè èènì, ìyá náà yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ni ó rán an, àti kí ni wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe. Ó kéré tán, láti 1968 ni ìbéèrè yẹn ti nídìí ní agbègbè yìí.